Íméèlì inú terminal àti sáfà tara ẹni: ṣé ohun tí à ń rí níbẹ̀ tó wàhálà ẹ̀?

> Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè mi lè bí ẹlòmíì nínú ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi mutt àti àwọn nǹkan inú terminal yẹn (ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí) ka íméèlì, kí lẹ ń rí níbẹ̀ tí fóònù mi ò lè fún mi? Ohun tó mú mi béèrè ni pé níbi iṣẹ́ wa, àwa bíi mẹ́jọ, dọ́là la fi ń sanwó íméèlì lóṣooṣù, ó sì ti ń ni wá lára. Ọ̀kan nínú wa wá ní ká gbé gbogbo ẹ̀ sórí VPS (kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń yá èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tiwa, pé Postfix àti Dovecot tó ń ṣe iṣẹ́ sáfà íméèlì, ọ̀fẹ́ ni, ọjọ́ kan péré la máa fi ṣe é. Ọ̀gá wa ti fẹ́ gbà. Ṣé òótọ́ ni àbí a fẹ́ fọwọ́ ara wa fa wàhálà?

* * *

Ìbéèrè méjì lẹ so pọ̀ yẹn o, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú wọn síra. Kéèyàn máa fi terminal ka íméèlì yàtọ̀ sí kéèyàn ní sáfà íméèlì tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba mail, tó ń tọ́jú ẹ̀, tó sì ń fi ránṣẹ́. Mo mọ àwọn tó ń lo mutt tó jẹ́ pé Gmail ló wà lẹ́yìn ẹ̀, wọn ò ní sáfà kankan, mo sì mọ àwọn tó ní sáfà tiwọn tí wọ́n ń fi fóònù ka mail wọn bíi gbogbo ayé.

Èrò tèmi rèé. Ìkínní yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ìkejì, ẹ ṣe ìdajì ẹ̀: ẹ máa gba mail fúnra yín, ẹ máa tọ́jú ẹ̀ fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa bá yín fi ránṣẹ́. Mo máa sọ ìdí ẹ̀. Ní ti ọjọ́ kan péré tí ẹni yẹn sọ, ọjọ́ kan lè tó láti fi install wọn, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe install ni iṣẹ́ ibẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn ti fóònù. Ohun tí mò ń rí níbẹ̀ ni pé gbogbo mail mi wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Kì í ṣe pé mò ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn o, ó wà níbí, lórí díìsìkì mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ, dátà lè tán, mo ṣì máa rí lẹ́tà tí oníbàárà kọ sí mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, mo máa dá a lóhùn, ìdáhùn yẹn á dúró de ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Ìgbà tí mo bá wà nínú bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn lọ sí Èkó ni mo máa ń dáhùn mail jù.

Àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ọ́ máa ń rò pé mutt ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Rárá. Mutt ń ka lẹ́tà ni. Michael Elkins ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1995, lóòótọ́ wọ́n ti fi IMAP (ọ̀nà kíka mail lórí sáfà) àti SMTP (ọ̀nà fífi mail ránṣẹ́) kún un lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó dáa jù kí ẹ pín iṣẹ́ náà. mbsync á máa kó mail wá láti sáfà sínú Maildir lórí láptọ́ọ̀pù yín, msmtp á máa fi ránṣẹ́, notmuch á máa bá yín wá nǹkan nínú ẹ̀, mutt tàbí neomutt á máa fi hàn yín. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ìyókù ò ní mọ̀.

Maildir gan-an ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. D. J. Bernstein tó ṣe qmail ló gbé e kalẹ̀. Lẹ́tà kan, fáìlì kan. Fódà mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀: tmp, new àti cur. Lẹ́tà tó ń wọlé lọ́wọ́ á wà nínú tmp, tó bá ti wọlé tán á bọ́ sí new, tí prógráàmù yín bá ti rí i á bọ́ sí cur, lẹ́tà S tó wà ní ìparí orúkọ fáìlì yẹn ló ń sọ pé ẹ ti kà á. Kò sí dátábéèsì kankan tó máa dẹnu kọlẹ̀ tí iná bá lọ lójijì. Ẹ fi rsync kó o lọ sórí díìsìkì míì, ó ti parí, ẹ ti ní backup. Mbox àtijọ́ tó ń to gbogbo lẹ́tà sínú fáìlì kan ṣoṣo, tí ibì kan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀ ẹ máa jìyà.

* * *

> Dátà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé mbsync á kó gbogbo ínbọ́ọ̀sì 9GB mi wá lẹ́ẹ̀kan náà ni?

Tẹ́ ò bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, á kó o. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ mọ MaxSize. Ẹ wo config mbsync yìí, ẹ yí orúkọ padà sí tiyín:

IMAPAccount ise
Host imap.example.com
User ade@example.com
PassCmd "pass show imeeli/ise"
TLSType IMAPS

IMAPStore ise-okeere
Account ise

MaildirStore ise-nile
Path ~/Mail/ise/
Inbox ~/Mail/ise/INBOX
SubFolders Verbatim
MaxSize 300k

Channel ise
Far :ise-okeere:
Near :ise-nile:
Patterns *
Create Near
Expunge None
SyncState *

MaxSize 300k yẹn ń sọ pé lẹ́tà tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó má gbé e wá, kó kàn fi lẹ́tà kékeré kan dípò ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ lóòótọ́ ẹ fi àmì flag sí i, tí mbsync bá tún sáré á gbé odindi ẹ̀ wá. Àwọn tó ń fi fọ́tò ìgbéyàwó àti PDF ńlá ránṣẹ́ ò lè jẹ dátà yín mọ́ láìgbàṣẹ.

Nǹkan méjì tí àwọn èèyàn máa ń bá pàdé. Tí mbsync yín bá ti pẹ́, kò ní mọ TLSType, SSLType ló mọ̀, torí 1.5 ni wọ́n yí i padà. Far àti Near náà, 1.4 ló kó wọn dé, àwọn àlàyé àtijọ́ tẹ́ ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń lo orúkọ míì. Ìkejì, Expunge None yẹn, ẹ má ṣe sáré yí i sí Both títí ẹ fi dá a lójú pé ẹ mọ ohun tó ń ṣe, torí Both túmọ̀ sí pé ohun tẹ́ ẹ bá parẹ́ nílé, á parẹ́ lórí sáfà pẹ̀lú, kò ní bi yín lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti fífi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí: msmtp fúnra ẹ̀ kì í dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí kò bá sí á ní òun ò rí sáfà, ó tán. Script kan wà tí wọ́n fi sínú ẹ̀ tó ń jẹ́ msmtpq, òun ló ń to lẹ́tà jọ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Ẹ ní kí mutt lo ìyẹn dípò msmtp gangan.

* * *

> Kí ni gbogbo ìdíjú yìí fún? Alpine wà níbẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ kọ orúkọ sáfà, ẹ tẹ password, ẹ ti ń ka mail. Ẹ̀yin onímutt ẹ máa ń jẹ́ kó dà bíi pé èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnjiníà.

Mo gbà pẹ̀lú yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tí ò tíì lo terminal rí, Alpine ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ gbé. Pine tó jẹ́ ìyá ẹ̀, University of Washington ni wọ́n ti ṣe é láti 1989, àwọn tí kò mọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ṣe é fún, gbogbo bọ́tìnnì tẹ́ ẹ lè tẹ̀ wà nísàlẹ̀ ojú ìwé. aerc, prógráàmù íméèlì terminal míì, náà dáa, ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí yín ni pé bí ọ̀pọ̀ ṣe ń lo Alpine, orí sáfà ni mail wà, ẹ kàn ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ̀yin náà dúró. Tó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì tí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ti í lọ lẹ wà, Alpine tó yín pátápátá, mi ò ní jiyàn.

* * *

> Ọ̀gá, mo ti ṣe mbsync bẹ́ ẹ ṣe wí, password Gmail mi péye, mo tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ṣáà ń sọ pé Invalid credentials.

Gmail ò gba password yín gangan láti ọwọ́ prógráàmù bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 2022. Ẹ tan 2-Step Verification lórí account yín, lẹ́yìn náà ẹ ṣe App Password, ó máa fún yín ní lẹ́tà 16, òun ni kẹ́ ẹ fi sínú pass, prógráàmù tó ń tọ́jú password. Tó bá jẹ́ account iṣẹ́, admin yín lè ti pa App Password, nígbà náà OAuth2 (ọ̀nà wíwọlé tí prógráàmù kì í fi í lo password yín gangan) ló kù, mutt ní script kan nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ mutt_oauth2.py, ó ń bá Google àti Microsoft ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Microsoft, OAuth2 ni tiyín ní tipátipá, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn password lásán lórí IMAP àti POP ní Exchange Online láti apá ìparí 2022.

Ẹ má kọ password yín ní gbangba sínú fáìlì config o. PassCmd wà nítorí ìyẹn.

* * *

Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ mi ní ìkọ̀kọ̀ pé ṣé terminal lè fi àmì ohùn Yorùbá hàn dáadáa, torí tòun ń fi àmì ìbéèrè rọ́pò gbogbo ẹ àti ọ. Ẹ jẹ́ n dáhùn ẹ̀ níbí kí gbogbo wa lè jọ rí i.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ locale. Tẹ́ ò bá rí UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà gbogbo èdè) nínú ohun tó bá kọ jáde, ibẹ̀ ni ìṣòro wà, ẹ fi export LANG=C.UTF-8 sínú .bashrc yín, ó ti tó. Àwọn tó bá fẹ́, en_NG àti yo_NG wà nínú Linux, ẹ lè mú ọ̀kan nínú wọn.

Tẹ́ ẹ bá wá lọ wo fáìlì lẹ́tà gangan nínú Maildir, ẹ má bẹ̀rù tẹ́ ẹ bá rí ohun tó jọ èyí:

Subject: =?UTF-8?Q?=E1=BA=B8_k=C3=BA_i=E1=B9=A3=E1=BA=B9=CC=81?=

"Ẹ kú iṣẹ́" nìyẹn. Orí lẹ́tà ò gba ju álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì lásán nígbà tí wọ́n kọ òfin íméèlì, torí náà wọ́n máa ń dì í báyìí kó lè kọjá, mutt á tú u fún yín. Ìdí nìyẹn tí grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, fi máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ẹ wá "iṣẹ́" nínú Maildir pẹ̀lú grep, á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́, nítorí wọ́n ti dì í. notmuch máa ń tú u kó tó tò ó, ẹ lo ìyẹn.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí kí àwa Yorùbá máa sọ tó. ọ́ àti ẹ́ ò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode (ìwé nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ gbogbo lẹ́tà), ọ ní tirẹ̀, àmì ohùn orí ẹ̀ dá dúró. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù míì á kọ o, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, á tún fi ti òkè sí i. Lójú wa ọ̀rọ̀ kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ méjì ni. Tẹ́ ẹ bá ń wá lẹ́tà tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó wà tẹ́ ò rí i, ẹ fi adírẹ́sì àti ọjọ́ wá a dípò ọ̀rọ̀:

notmuch search from:ade@example.com and date:2021..2022 and attachment:pdf

Èyí kì í yẹ̀.

* * *

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí sáfà, torí òun ni ọ̀gá wọn fẹ́ fi owó sí.

Postfix dáa gan-an. Wietse Venema ló kọ ọ́ nígbà tó wà ní IBM, ó jáde ní 1998, ó ti lé lọ́dún 25 tó ti ń ṣiṣẹ́. Dovecot tí Timo Sirainen bẹ̀rẹ̀ ní 2002 náà dáa. Tí wọ́n bá ní sọ́fítíwíà ni wàhálà, ẹ má gbà. Ẹ lè install méjèèjì lórí Debian (irú Linux kan) láàárín wákàtí kan, Postfix á gba mail ní pọ́ọ̀tù 25 (pọ́ọ̀tù dà bí ilẹ̀kùn tó ní nọ́ńbà), á fi lé Dovecot lọ́wọ́ nípasẹ̀ LMTP (ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé lẹ́tà fún ara wọn), Dovecot á tọ́jú ẹ̀ sínú Maildir, fóònù gbogbo yín á máa kà á láti 993, ẹ ó máa fi ránṣẹ́ ní 465 tàbí 587. Ẹ ṣọ́ra ṣá, Dovecot 2.4 tó jáde ní 2025 yí config padà púpọ̀, mail_location tí gbogbo àlàyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ ti di mail_driver àti mail_path, inú Debian 13 sì ni 2.4 wà. Ẹni tó bá da config àtijọ́ sínú ẹ̀, Dovecot ò ní dìde rárá.

Ibi tí ogun wà ni fífi ránṣẹ́. Mail yín máa kúrò lọ́dọ̀ yín láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n Gmail àti Outlook ni wọ́n máa pinnu bóyá ìnbọ́ọ̀sì ló ń lọ, àbí spam, àbí kí wọ́n má tiẹ̀ gbà á rárá. Ìpinnu wọn ò sì dúró lórí bẹ́ ẹ ṣe ṣe config yín nìkan, IP yín, nọ́ńbà sáfà yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń wò. IP tí wọ́n yá yín lórí VPS yẹn, ẹlòmíì ti lò ó rí. Bí ilé tí onígbèsè ti gbé rí ni, ayálégbé tuntun ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn mọ́ lórí. Tí àwọn aládùúgbò yín nínú ilé ìtọ́jú dátà yẹn bá tún ń fi spam ránṣẹ́, wọ́n lè fi gbogbo IP àdúgbò yẹn sínú ìwé Spamhaus, àwọn tó ń kọ IP tó ń fi spam ránṣẹ́ sílẹ̀, ó kàn yín.

Kó tó tiẹ̀ dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ VPS ló máa ń ti pọ́ọ̀tù 25 tó ń jáde. Ilé iṣẹ́ kan tí mo lò rí, mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ṣí i fún mi, mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, wọ́n ní àwọn ò ṣí i fún account tuntun, wọn ò sì sọ ìgbà tí kò ní jẹ́ tuntun mọ́. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó sanwó fún VPS kankan, ẹ kọ̀wé béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ wọn: ṣé pọ́ọ̀tù 25 ṣí sílẹ̀, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lè ṣètò PTR, àkọsílẹ̀ tó ń sọ orúkọ tí IP kan ń jẹ́. PTR yẹn, ẹni tó ni IP ló ń ṣètò ẹ̀, ẹ lè fi gbogbo ọjọ́ wá a nínú DNS (àkọsílẹ̀ àdírẹ́sì) dómeènì yín, ẹ ò ní rí i níbẹ̀.

* * *

> Ẹ ń dẹ́rù ba èèyàn lásán. Èmi ní sáfà tèmi láti 2014, IP kan náà, mail mi ń dé ibi gbogbo.

Mo gbà yín gbọ́, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ: IP kan náà láti 2014. Gmail ti mọ̀ yín. Ẹni tó máa gba IP tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ò ní ohun tẹ́ ẹ ní. Nǹkan sì ti le sí i. Láti oṣù kejì 2024 ni Google ti sọ ọ́ di dandan pé ẹnikẹ́ni tó bá ń fi mail ránṣẹ́ sí Gmail gbọ́dọ̀ ní SPF (àkọsílẹ̀ àwọn sáfà tó lè fi mail ránṣẹ́ lórúkọ dómeènì náà) tàbí DKIM (ìbuwọ́lù kọ̀ǹpútà lórí lẹ́tà), PTR tó bá IP mu, àti TLS (dídi lẹ́tà pa lójú ọ̀nà). Ẹni tó bá ń fi tó 5,000 ránṣẹ́ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní SPF àti DKIM pọ̀, kó tún ní DMARC, àkọsílẹ̀ tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí mail tí kò bá yege. Yahoo gbé irú òfin yẹn jáde lásìkò kan náà.

Torí náà ìmọ̀ràn mi fún ilé iṣẹ́ èèyàn mẹ́jọ ni relay. Postfix yín á máa gba mail, á máa tọ́jú ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ń jáde, ẹ gbé e fún ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn nìyẹn, tí IP wọn ti lórúkọ rere. Iye lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà, wọn kì í ka orí èèyàn, ẹ̀yin mẹ́jọ ò sì lè fi lẹ́tà tó pọ̀ ránṣẹ́. Ìlà bíi mélòó kan ni nínú main.cf, fáìlì config Postfix:

relayhost = [smtp.example.net]:587
smtp_sasl_auth_enable = yes
smtp_sasl_password_maps = hash:/etc/postfix/sasl_passwd
smtp_sasl_security_options = noanonymous
smtp_tls_security_level = encrypt

Tẹ́ ẹ bá kọ password sínú sasl_passwd tán, ẹ fi postmap sáré lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé root nìkan ló lè kà á. Ẹ fi orúkọ relay yẹn sínú SPF yín, SPF kan ṣoṣo ni dómeènì lè ní o, tẹ́ ẹ bá kọ méjì, méjèèjì ti bàjẹ́ nìyẹn. DMARC, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú p=none (kí wọ́n má ṣe nǹkan kan sí i) kẹ́ ẹ máa wo ìròyìn tó bá ń wọlé, nígbà tó bá yá kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di quarantine (kí wọ́n jù ú sí spam).

Ẹ ṣì ni mail yín, ẹ ṣì ni dómeènì yín. Relay yẹn bá sọ owó di gọbọi, ẹ pààrọ̀ ìlà relayhost àti DNS, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

* * *

> Kí ló dé tẹ́ ò lè gbé sáfà náà sínú ọ́fíìsì? A ní inverter, a ní MTN.

Ọ̀rọ̀ iná kọ́ ló máa dí yín lọ́wọ́. Àwọn èèyàn máa ń rò pé tí sáfà wọn bá kú fún wákàtí mẹ́fà, mail tó wọlé lásìkò yẹn ti sọnù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sáfà tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín á gbìyànjú, tí kò bá rí yín á tọ́jú lẹ́tà náà, á tún padà wá, Postfix fúnra ẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún kó tó dá lẹ́tà padà. Íméèlì ní sùúrù ju bí a ṣe rò lọ, láti ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀ ò ti dúró sójú kan ni wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa dí yín lọ́wọ́ ni IP. Ìlà dátà fóònù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà lẹ́yìn CGNAT, ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ jọ ń lo IP kan, kò sí bí mail ṣe máa wọlé bá yín láti ìta. Ẹ fi sáfà sórí VPS. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wà lọ́fíìsì náà, ẹ fi kọ̀ǹpútà kékeré kan síbẹ̀ tó ń fi mbsync kó gbogbo mail wálé ní alaalẹ́, backup yín nìyẹn.

* * *

Fún ẹni tó fẹ́ dán pọ́ọ̀tù 587 wò pẹ̀lú ọwọ́:

openssl s_client -connect mail.example.com:587 -starttls smtp -crlf

Tó bá ti wọlé, ẹ kọ ehlo, ẹ kọ mail from:<adírẹ́sì>, ẹ kọ rcpt to:<adírẹ́sì>. Lẹ́tà kékeré ni kẹ́ ẹ fi kọ rcpt yẹn o. Tẹ́ ẹ bá fi R ńlá bẹ̀rẹ̀ ìlà, openssl máa rò pé òun lẹ ń pè, á kọ RENEGOTIATING, ọ̀rọ̀ yín ò ní dé sáfà rárá. Q ńlá náà máa já ìlà yẹn. Mo ti rí àwọn tó fi gbogbo ọ̀sán yẹ Postfix wọn wò nígbà tó jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ní swaks, prógráàmù tí wọ́n fi ń dán sáfà mail wò, ẹ lo swaks, kò ní irú èyí.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù tẹ́ ẹ máa wò ni nọ́ńbà tí sáfà fi dáhùn. 4 níwájú túmọ̀ sí pé ẹ padà wá, 5 túmọ̀ sí pé rárá. Ẹni tó rí 451 tó ń sáré kiri ń da ara ẹ̀ láàmú ni, Postfix á tún gbìyànjú fúnra ẹ̀.

* * *

> Àwọn olè kan já wọ sáfà ẹ̀gbọ́n mi, mailq ẹ̀ (ìlà lẹ́tà tó ń dúró láti jáde) kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni irú ẹ̀ sábà máa ń gbà wọlé. Bóyá ẹnìkan kọ mynetworks (àwọn IP tí Postfix gbà láyè láti gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ fi mail ránṣẹ́) lọ́nà tí gbogbo ayé fi lè gba ibẹ̀ kọjá, tàbí kí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní password tó rọrùn tí wọ́n mọ̀. Ìkejì yẹn ló wọ́pọ̀ jù. Kí ẹ̀gbọ́n yín ṣe báyìí, kó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀: postfix stop, kí spam dúró ná. Lẹ́yìn náà kó lọ wo log, kó wá sasl_username (orúkọ ẹni tó wọlé láti fi ránṣẹ́) tó ń yọjú léraléra, ẹni yẹn ni wọ́n ń lò. Kó yí password ẹ̀ padà. Ìgbà yẹn ni kó tó fọ queue. Ẹ má ṣe sáré tẹ postsuper -d ALL o, lẹ́tà gidi wà láàárín wọn, tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. postcat -q pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́tà máa fi ohun tó wà nínú ẹ̀ hàn kó tó pa á rẹ́.

Tí kò bá rí /var/log/mail.log, Debian 12 sókè kì í fi rsyslog síbẹ̀ mọ́ fúnra ẹ̀, kó tẹ journalctl -u 'postfix*'.

* * *

Ẹni tó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ padà wá, ó ní ọ̀gá òun fẹ́ mọ ẹni tó máa máa bójú tó o lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ tán. Ọ̀gá yẹn ní làákàyè, torí ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Dọ́là tẹ́ ẹ fẹ́ dá dúró yẹn, àsìkò èèyàn kan lẹ máa fi san án. Certificate Let's Encrypt (ìwé ẹ̀rí ọ̀fẹ́ tí TLS ń lò) ń parí ní ọjọ́ 90, certbot á tún un ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹnìkan ò bá fi reload Postfix àti Dovecot sínú ẹ̀, àtijọ́ ni wọ́n á máa mú dání títí fóònù gbogbo yín á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Díìsìkì lè kún. Update ààbò ń jáde. Tí kò bá sí ẹnì kan lọ́fíìsì yín tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún un, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ kàn rí i pé orúkọ ilé iṣẹ́ yín ni dómeènì náà wà, kì í ṣe orúkọ ẹni tó bá yín rà á, kẹ́ ẹ sì máa fi mbsync kó ẹ̀dà gbogbo mail yín wálé.

Tó bá sì wà, ẹ lọ ṣe é, pẹ̀lú relay. MX ni àkọsílẹ̀ DNS tó ń sọ sáfà tó ń gba mail yín, TTL ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí àwọn sáfà míì máa fi rántí ẹ̀: ẹ sọ TTL MX yín di 300 ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ fi dómeènì míì tí kò ṣe pàtàkì dán gbogbo ẹ̀ wò. Ẹ fi imapsync kó mail àtijọ́ lọ sí tuntun lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí MX, ẹ tún sáré imapsync lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè kó èyí tó wọlé láàárín méjì. Ẹ má pa account àtijọ́ títí oṣù yẹn á fi parí, àwọn sáfà kan máa ń di MX àtijọ́ mú ju bó ṣe yẹ lọ.

Tẹ́ ẹ bá rí 550 nínú log, ẹ da odindi ìlà yẹn síbí, ẹ pa adírẹ́sì àwọn èèyàn rẹ́ nínú ẹ̀, à á jọ wò ó.